Oríkì Tí Gbọ̀ngàn Kò Rí Gbà

“Gbé e! Ìbídùnní, gbé e! Orí ọmọ yẹn ti ń tutù!”

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí àga tó yí Gbọ̀ngàn Eré po, wọ́n pọ̀ bí eṣú, ohùn wọn sì ń mi ọ̀sà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà lé. Ìbídùnní kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Òpó dígí tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní òpó orí. Láàárọ̀, iná pupa inú òpó náà ga dé téńté. Ní báyìí, ó ti fà wálẹ̀ bí epo inú fìtílà ilé òtòṣì.

“Ẹkùn ọmọ ẹkùn!” Ìbídùnní tún gbé ohùn sókè nínú àgọ́ akígbe. “Ìjì tí í fa ìrókò tu! Àrá tí í sán láìsí òjò!”

Nísàlẹ̀ pápá, àbúrò rẹ̀ Adígún dúró lórí pátákó róbótó kan, ẹ̀wù eré lẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin, fìlà onírin tín-ín-rín sì wà lórí rẹ̀. Fìlà yẹn ló ń ka orí ọmọ náà. Bí irun ara rẹ̀ bá dìde, bí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì, bí orí rẹ̀ bá wú, fìlà á sọ fún òpó, òpó á sì fi agbára náà ránṣẹ́ sí ara kejì rẹ̀ tó wà lókè. Ara kejì náà rèé: òmìrán tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ hun, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rọ̀ mọ́ etí àpáta kan tó léfòó láàárín afẹ́fẹ́, òkò iná sì ń rọ̀ lé e lórí.

Ìbídùnní ké “Ẹkùn ọmọ ẹkùn” lẹ́ẹ̀kan sí i. Lójú gbogbo ayé, ara kejì Adígún yán. Ó la ẹnu gbàgàdà bí ẹni tó jí lójú oorun ọ̀sán.

Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, “Ẹ bá a tẹ́ ẹní!” Àwọn ará Nàìróbì tó wá gbè lẹ́yìn Wanjíkù, ọmọbìnrin tó ń bá Adígún díje, ń fò sókè. Ara kejì Wanjíkù ti gun òkè àpáta náà kọjá àyà, ó ń sún mọ́ ṣóńṣó rẹ̀.

Kò kúkú sí ohun tó burú nínú oríkì yẹn. Oríkì àyálò ni, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń yá a lọ́wọ́ Gbọ̀ngàn, Adígún sì ti gbọ́ ọ títí ó fi di ariwo ọlọ lásán létí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò fi ara ẹni dá, ó máa ń pẹ́ kó tó dé inú ara.

Fèrè ìsinmi dún. Òkò iná dúró sójú kan lófuurufú. Ìpele kan ṣoṣo ló kù.

Ilẹ̀kùn àgọ́ ṣí, Ọ̀gá Ṣótúbọ̀ sì wọlé, òun ni alábòójútó ohùn fún Gbọ̀ngàn. Ọkùnrin arẹwà ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyáàfin Ìbídùnní.”

“Ẹ ṣeun, sà. Iṣẹ́ ò kú o, èmi ni mò ń kú lọ.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òògùn yín wà lẹ́nu yín, ẹ̀yin lẹ kọ̀ tí ẹ ò lò ó.” Ó na ìka sí ẹ̀rọ akóhùn tó so rọ̀ sókè orí rẹ̀ bí aláǹtakùn olójú pupa. “Oríkì ilé yín. Ti àwọn Atukọ̀nígba. Ẹ yanu péré, ẹ̀rọ yìí á gbà á. Lọ́la, àwọn ọmọ ní Tókíò á máa fi oríkì baba yín jí ara kejì wọn. Àbí ìyẹn kì í ṣe iyì?”

“Iyì ni, sà. Ìyá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n á ṣì lè fi kí Adígún láàárọ̀?”

“Wọ́n á gba ìwé àṣẹ.”

“Láti kí ọmọ tí wọ́n fi inú wọn bí?”

Ọ̀gá Ṣótúbọ̀ tún rẹ́rìn-ín. “Òfin ni, ìyá mi. Ohùn tó bá wọ Gbọ̀ngàn, ti Gbọ̀ngàn ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

Ìbídùnní mọ òfin náà. Ó ti rí ojú rẹ̀ rí, ní ilé àwọn Ọ̀pẹ́lọ́yẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Àwọn yẹn ta oríkì orílẹ̀ wọn fún Gbọ̀ngàn nígbà tí ọmọ wọn ń díje. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ tuntun lórúkọ nínú ilé náà, ìyá àgbà gbé ọmọ dání, ó ní, “Àjàgbé, ọmọ…” Ló bá di pé aago ara ògiri ń han gooro: àṣẹ kò sí, àṣẹ kò sí. Ìyá àgbà pa ẹnu dé. Ó wá ń fi ọwọ́ gbá ọmọ náà nídìí pẹ́pẹ́, ó ń kùn bí oyin, omijé ń bọ́ sórí ọmọ. Wọ́n ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọjọ́ yẹn ni Ìbídùnní mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe ti títa ènìyàn nìkan, ó kan oríkì pẹ̀lú.

“Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀,” Ọ̀gá Ṣótúbọ̀ sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bí Adígún bá borí, òun ni yóò dá ayé eré tuntun sílẹ̀, níbí, ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ yín ni yóò máa yà á, tí wọn yóò máa kọ orin rẹ̀, tí gbogbo ayé á máa wá ṣeré níbẹ̀. Bí kò bá borí, ọkọ̀ òfurufú ìrọ̀lẹ́ yìí ló máa gbé e lọ sí Ilé Ìdánwò. Ọdún méje ni yóò fi máa fi ara rẹ̀ dán eré ẹlòmíràn wò. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí àwọn tó ti ibẹ̀ dé.”

Ìbídùnní ti rí wọn rí. Ojú wọn á là, àmọ́ wọn ò ní máa wo ẹnikẹ́ni.

Láyé àwọn bàbá bàbá wọn, epo rọ̀bì ni ayé ń lé kiri. Eré ni wọ́n ń lé báyìí. Ìlú tí kò bá ní ayé eré tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ á lọ ṣe alágbàṣe nínú ayé ẹlòmíràn. Adígún sì ti ní ayé kan lọ́kàn láti kékeré, ayé tí ẹja ti ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀sà ti ń dìde rìn. Gbogbo oúnjẹ alẹ́ ni ó fi ń ròyìn rẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi dì.

Nígbà tí Ọ̀gá Ṣótúbọ̀ jáde, Ìbídùnní tẹ bọ́tìnì ohùn ilé. Òfin gba akígbe láyè láti bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lásìkò ìsinmi.

“Màmá mi?”

“Àwẹ̀ró!” Ohùn ìyá rẹ̀ ya wọlé bí ìgbà tí wọ́n da omi sílẹ̀. “Kí ló ṣe àbúrò rẹ tó ń yán? Ṣé kò jẹun ni? Mo ní kó jẹ ẹ̀kọ yẹn tán, ó ní òun ò fẹ́ kí inú òun wúwo!”

“Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ.”

“Mo mọ̀, mo mọ̀. Dúró ná, ṣé ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ mi?”

“Ó ń gbọ́ yín, mà.”

“Kó máa gbọ́. Ẹ̀rọ, ṣé dáadáa lo jí? Ilé ńkọ́?”

Ìbídùnní kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Màmá, wọ́n fẹ́ kí n ké ti ilé wa. Bí mo bá ké e, Adígún á borí. Mo mọ̀ pé á borí. Bí mi ò bá ké e, wọ́n á gbé e lọ. Kí ni kí n ṣe?”

Ìbídùnní ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu òpó igi ilé wọn lọ́hùn-ún.

“Ta ló kọ́ ọ ní oríkì náà?” ìyá rẹ̀ bèèrè.

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ta ló kọ́ èmi? Ìyá ọkọ mi ni. Ìgbà tí mo wọlé yìí, mi ò mọ iwájú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kọ́ mi, nídìí ààrò, títí mo fi mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílé lọ. Tóò. Ta ló kọ́ ìyá ọkọ mi?”

“Ìyá ọkọ tiwọn.”

“Máa lọ sẹ́yìn. Máa lọ. Ẹni àkọ́kọ́ pátápátá ńkọ́, ta ló kọ́ ìyẹn?”

Ìbídùnní ń fi ìka ka àwọn ìyá náà títí ìka fi tán.

“Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ,” ìyá rẹ̀ wí. “Obìnrin kan ló dúró létí omi, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń tukọ̀ bọ̀ nínú ìjì, ẹ̀rù bà á, orí rẹ̀ wú, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Gbogbo ẹ̀ ò jùyẹn lọ. Àwẹ̀ró, ìwọ náà lójú. Wo ọmọ náà.”

Fèrè dún, ohùn ilé sì gé.

Ìbídùnní fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó sì gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ kò mì: *Olúwa tó la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù, la tèmi náà. Má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ta ilé bàbá mi, má sì jẹ̀ẹ́ kí n fi ìdákẹ́ pa àbúrò mi.*

Òkò iná tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wanjíkù ti ń gun òkè, ó ń gùn ún bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ara kejì Adígún yọ̀ lójijì, ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ́ lára àpáta, ó ń fì dirodiro. Iná inú òpó kù bí èèkánná ọmọ ọwọ́.

“Akígbe dà?” àwọn èrò ń bèèrè. “Ó ti sùn ni?”

“Ṣé orí rẹ̀ náà ló tutù ni?”

Ẹ̀rọ olójú pupa ń wo Ìbídùnní. Oríkì ilé ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó dùn, ó wúwo, ó ń ti eyín. Ó gbé e mì. Ó yẹra fún òpó. Ó yẹra fún ara kejì. Ó wo ọmọ náà gan-an tó dúró lórí pátákó nísàlẹ̀, ọmọ tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, tó ń fi ahọ́n lá ètè bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á. Ìbídùnní sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

“Adígún a-lá-ètè-kó-tó-fò!”

Adígún gbé orí sókè gìrì. Kò sẹ́ni tó tíì pe òun bẹ́ẹ̀ rí.

“Adígún, ẹlẹ́rù tí kì í sá!
Ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó sì ń wọ òkùnkùn lọ pọn omi fún ìyá rẹ̀.
Ó ń kọrin lọ, ó ń kọrin bọ̀,
kí òkùnkùn lè mọ̀ pé ènìyàn ló ń kọjá!”

Iná inú òpó mì. Ó sún sókè díẹ̀.

“Ọmọ tí a kò rówó ra ẹ̀rọ eré fún,
tó mú agolo sàdíìnì, tó lù ú ní ìṣó, tó ní ẹ̀rọ dé!
Adígún a-fi-agolo-ṣeré,
ó jókòó síwájú ògiri, ó ń tẹ agolo,
ó ní, ẹ wò ó, ẹ wò ó, mo ti fò ó!
Àwọn ọmọ àdúgbò pé jọ, wọ́n ń wo ògiri,
wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́,
ògiri funfun, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀!
Ẹni tó bá mú èèyàn rí ohun tí kò sí,
ṣé òkè tó wà lójú kòrókòró ni yóò dá a dúró?”

“Kò tó bẹ́ẹ̀!” ni obìnrin kan kígbe láàárín èrò. Ó ti bọ́ sórí àga rẹ̀. Bóyá ọmọ àdúgbò wọn ni, bóyá ó ti wo ògiri náà rí.

Orí Adígún wú. Kò sẹ́ni tí kò rí i. Ọmọ náà na ọwọ́, ara kejì náà na ọwọ́, ìka òsì rẹ̀ tún wọ ara àpáta ṣinṣin. Iná gun òpó lọ bí aláǹgbá tó ń gun ògiri. Ìbídùnní kò dúró mọ́, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi odò tó já ìdè:

“A-pín-àkàrà-sí-méjì-kó-fún-ẹ̀gbọ́n-rẹ̀-ní-èyí-tó-kéré!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Adígún pàápàá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, ara kejì rẹ̀ sì ń fò láti orí òkò iná sí òkò iná bí ọmọdé tó ń fò lórí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ó bá Wanjíkù lẹ́bàá ṣóńṣó. Wanjíkù jẹ́ akin, kò yà fún un, àwọn méjèèjì jọ na ọwọ́.

“Lá ètè rẹ, Adígún!” Ìbídùnní bú sígbe. “Lá ètè rẹ kí o fò!”

Ó lá ètè. Ó fò.

Òpó orí kún, ó kún ju ojú àmì lọ, dígí rẹ̀ sì sán wàì sí méjì. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀pẹ́ pariwo, àwọn ẹyẹ tó wà lórí ọ̀sà sì fò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ara kejì Adígún ló dúró lórí ṣóńṣó òkè, tó ń fi ọwọ́ nu imú.

Ọ̀gá Ṣótúbọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé àgọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

“Níbo lẹ ti rí ìyẹn?”

“Mo rí i báyìí ni, sà.”

“Ẹ mọ̀ pé ti Gbọ̀ngàn ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ máa gbà á, ẹ kú orí ire.”

Ó wo ẹ̀rọ olójú pupa, ó wo Ìbídùnní. “Ti ilé yín ṣì wà lẹ́nu yín síbẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀, sà. Ó sì ti sùn. Ẹ má jí i.”

Ìrọ̀lẹ́ ti ń pọ́n lójú ọ̀sà nígbà tí ọkọ̀ gbé àwọn méjèèjì padà sílé. Bàbá Músílíù, awakọ̀ wọn, ń fọn fèrè sí gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá kí wọ́n lè mọ ẹni tí òun gbé. Adígún jókòó ní iwájú, ó ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró: ẹja tó ń sọ̀rọ̀ á gbé ní apá ìsàlẹ̀, ọ̀sà tó ń rìn á ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọmọ Ẹ̀pẹ́ mélòó ni òun yóò kọ́kọ́ kọ́ ní ìyàwòrán. Lójijì ó yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti agolo yẹn kí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Ìbídùnní la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

“Ti Gbọ̀ngàn ni.”

“Títí láé?”

“Títí láé. Àwọn ọmọ ayé ni yóò máa fi ṣeré báyìí.”

Ojú Adígún rẹ̀wẹ̀sì. Ọkọ̀ mì díẹ̀ lórí ìgbì. Ìbídùnní sì wò ó: bọ́tìnì ẹ̀wù eré rẹ̀ ti já, imú rẹ̀ pọ́n, ìka rẹ̀ ṣì ń tẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni tó mú nǹkan dání.

“Adígún a-borí-ayé-tán-tó-ń-bẹ̀bẹ̀-oríkì,” ó ní, “a-já-bọ́tìnì, alágídí ọmọ, ìyá rẹ̀ ní kó jẹ ẹ̀kọ, kò jẹ, ó wá fi ebi gun òkè.”

Bàbá Músílíù bú sẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi yà kúrò lójú ọ̀nà. Adígún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irun apá rẹ̀ sì dìde ṣánṣán. Ìbídùnní rí i.

Wọn kò tíì rí ilé tí ohùn fi bá wọn lórí omi. Ìyá wọn ló dúró létí èbúté, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, gbogbo ilé sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ lókè orí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

“Adígún o! Ọmọ Atukọ̀nígba!
Ọmọ a-rí-ìgbì-má-yẹ̀!
Ọmọ a-tẹ́-ọkọ̀-bí-ẹní-tẹ́ní!
Ọ̀sà kún, ọ̀sà fà, ilé bàbá yín ò ṣí lẹ́sẹ̀ kan!”

Adígún dìde ganngan lórí ọkọ̀. Ọkọ̀ náà fì sápá ọ̀tún, omi ya wọlé.

“Jókòó!” Bàbá Músílíù pariwo. “Jókòó, ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni?”

Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó nígbà tí wọ́n bá ń pe orílẹ̀ rẹ̀? Ìbídùnní náà ti dìde.